Ẹsẹ Bíbélì Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀: Ìfọkànsìn Òwúrọ̀ Nínú Ilé ní Ilẹ̀ Yewa

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, ìwé kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ ní Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Ìdírókò kì í fẹ́ kó wọ́n àwọn lọ́wọ́: ìwé ìfọkànsìn ọdún tuntun. Àwọn ará Ìràpadà ń wá Open Heavens ti Bàbá Adeboye, àwọn ará Deeper Life ń wá Daily Manna, àwọn Áńgílíkà ń béèrè Daily Fountain, àwọn Scripture Union ní Daily Guide tiwọn, èyí tó sì ti òkè òkun wá, Our Daily Bread, kò mọ ìjọ kankan yàtọ̀. Ìlànà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: ẹsẹ àkọ́sórí àti ibi kíkà nínú Bíbélì, àlàyé òǹkọ̀wé tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ojú ewé, àti kókó àdúrà nísàlẹ̀. Àwọn kan a tún fi orin kún un, àti ètò kíka Bíbélì tán lọ́dún kan. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, bí ìpè àdúrà mọ́sálááṣí bá ti dákẹ́, agogo kékeré a dún nínú ilé, àwọn ọmọ a gbé oorun lójú wá jókòó sórí ẹní, bàbá tàbí ìyá a ṣí ojú ewé ọjọ́ náà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí, oníkálukú ti ń wá omi ìwẹ̀.

Inú ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ohun tí ààyè kì í gbà jù níbẹ̀ ni Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹsẹ àkọ́sórí ni wọ́n máa ń kà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi kíkà, tó lè tó ẹsẹ mẹ́wàá tàbí ogún, ni wọ́n máa ń fò, pé kálukú á lọ kà á tó bá yá. Àlàyé òǹkọ̀wé ni wọ́n ń kà látòkèdélẹ̀, nígbà tó bá sì kan kókó àdúrà, ohùn a gòkè, orí a máa mì, àmín a máa rọ̀ bí òjò. N kò sọ pé àdúrà yẹn kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹsẹ Bíbélì ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí a kà á sókè lódindi, ní èdè tí gbogbo ilé gbọ́, kí àdúrà tó bá tẹ̀ lé e sì jẹ́ èsì sí ohun tí a gbọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀ náà la ó máa tún sọ láràárọ̀, tí a ó sì máa rò pé Ọlọ́run ló bá wa sọ̀rọ̀.

Bí a bá wo bí irú ìwé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé àlàyé kọ́ ló ṣáájú. Nígbà tí Thomas Cranmer to Ìwé Àdúrà fún ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1549, ńṣe ló pín Bíbélì sí ọjọ́: Sáàmù 150 tán lóṣù kan, èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé tán lọ́dún kan, Májẹ̀mú Tuntun ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Òwúrọ̀ àti àṣálẹ́ ni wọ́n ń kà á, ìwàásù kò sì pọn dandan níbẹ̀. Lọ́dún 1728, ní abúlé Herrnhut ní ilẹ̀ Jámánì, Zinzendorf, olórí àwọn ará Moravia, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n óò gbé lọ́kàn lọ́jọ́ kejì, àwọn kan a sì máa ti ojúlé dé ojúlé láti sọ ọ́. Wọ́n tẹ ti ọdún 1731 sínú ìwé, kò sì tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Ó ti wà ní èdè tó lé ní 50 báyìí. Ìbò ni wọ́n fi ń mú ẹsẹ Májẹ̀mú Láéláé ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń yan èyí tó wù ú. Ẹsẹ yẹn, ẹsẹ mìíràn láti inú Májẹ̀mú Tuntun, orin tàbí àdúrà kúkúrú kan, ó tán. Scripture Union tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ dáadáa náà bẹ̀rẹ̀ ètò kíka Bíbélì tirẹ̀ ní England lọ́dún 1879 pẹ̀lú káàdì lásán tó to ibi tí a ó kà lójoojúmọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀yìn náà ni àlàyé wá, láti ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àfi pé òun ló gba ojú ewé tán lónìí.

Ní ilẹ̀ tiwa, etí ni a kọ́kọ́ fi gba Bíbélì, kó tó di pé ojú rí i. Oṣù kìíní ọdún 1844 ni Samuel Ajayi Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, nígbà tí odidi ìwé kan nínú Bíbélì kò tíì jáde ní Yorùbá. Ìwé Róòmù ló jáde lọ́dún 1850. Bíbélì kò sì pé títí di 1884. Láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn, bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn kátíkíìsì, àwọn ni wọ́n sì ń kà á sétí àwọn tí kò mọ a yàtọ̀ sí b. Irú wọn ni James White, Sàró tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fi sí Ọ̀tà láti ọdún 1854, lẹ́bàá ilẹ̀ Yewa níbí. Agboolé àti ìdí igi ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, láàárín àwọn ènìyàn tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn ṣì ń jáde tí babaláwo wọn ṣì ń dífá, tí ẹni tó bá wá kà nǹkan fún wọn sì gbọ́dọ̀ kà á kó dùn létí kí wọ́n tó dúró gbọ́. Crowther mọ èyí. Ó fetí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó kó òwe wọn jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, ó sì fi ohun tó gbọ́ tú Bíbélì. Ìdí nìyẹn tí Sáàmù Yorùbá fi ń wọ ènìyàn lára nígbà tí a bá kà á sókè, tó sì máa ń dà bí ẹni pé ó gbẹ nígbà tí a bá fi ojú lásán wò ó kọjá. Àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà ní Dáyósíìsì Yewa, tí à ń pè ní ti Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n lè ka ogún Sáàmù lórí, púpọ̀ nínú wọn kò jókòó kọ́ ọ. Gbígbọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ àti àṣálẹ́ ló fi há wọn lórí.

Ààlà náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó la ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Ìlaró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu, Pobẹ àti Sakete bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló kọ ìwé ńlá lórí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó jáde lọ́dún 1976. Lápá ti Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì fi ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lápá ti Faransé, èdè Faransé nìkan ni ìjọba fẹ́ nínú kíláàsì. Nítorí náà, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà péré ní Ìlaró láyé ọjọ́un lè ṣí Sáàmù kó sì kà á fún ìyá rẹ̀ tààrà, nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní Pobẹ, tó tiẹ̀ lè kàwé jù ú lọ, ní láti kọ́kọ́ tú u lọ́kàn kó tó sọ ọ́ jáde. Ogún ńlá ni èyí. Ó wá yani lẹ́nu pé àwa tí ogún náà bọ́ sí lọ́wọ́ la ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìfọkànsìn nínú ilé tí ìyá àgbà kò ti gbọ́ ju good morning lọ, tí ìyá àgbà yẹn á sì kàn máa ṣe àmín sí ohun tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan péré wò kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni: orí kejì ìwé Rúùtù. Ìtàn àwọn tó ń sọdá ààlà ni. Opó kan láti Móábù tẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ní àkókò ìkórè ọkà báálì. Kò ní oko, kò ní ọkọ, ẹ̀yìn àwọn olùkórè ló ń tọ̀, ó ń ṣa ohun tó bá bọ́ sílẹ̀. Bóásì olóko dé, ó kọ́kọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn náà sì dá a lóhùn, kó tó béèrè ta ni obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé kó má lọ sí oko ẹlòmíràn, pé òun ti kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ kó lọ mu nínú omi tí àwọn ọkùnrin náà pọn. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó pè é wá jókòó, ó bu ọkà yíyan fún un títí tó fi yó tó sì ṣẹ́kù. Ó tún dọ́gbọ́n sọ fún àwọn olùkórè pé kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ já díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àṣà tí ìwé ìfọkànsìn púpọ̀ fi ń ka orí yìí kò fara sin: ojú rere ni wọ́n máa ń pè é, àdúrà tó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n pàdé Bóásì tèmi. Ṣùgbọ́n bí ìdílé àgbẹ̀ kan lọ́nà Ayétòrò bá gbọ́ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibi tí wọ́n wà nínú ìtàn náà yóò yí padà. Àwọn ni wọ́n ní oko. Àwọn tó ń bá wọn kọ ebè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń bá wọn já àgbàdo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Kutonu tàbí Tógò wá. Òfin tí Bóásì ń pa mọ́ wà nínú Léfítíkù orí kọkàndínlógún àti Diutarónómì orí kẹrìnlélógún, pé kí olóko má kó oko rẹ̀ tán pátápátá, nítorí àjèjì, opó àti ọmọ aláìníbaba. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi ní láti kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kan obìnrin náà, bàbá yóò sì ní láti dá a lóhùn, bóyá kí ó tún ro ti ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lóko tirẹ̀. Àdúrà tó bá jáde lẹ́nu ilé náà lẹ́yìn ìyẹn, ibòmíràn ló máa forí lé. Kò sí òǹkọ̀wé ní Èkó tàbí ní Amẹ́ríkà tó lè kọ ọ́ fún wọn, torí kò mọ oko wọn.

Bákan náà ni ti ọjà. Ní ọjà Sayédẹ̀rọ̀ ní Ìlaró àti ní gbogbo ọjà agbègbè wa, kóńgò ni a fi ń wọn gàárì. Ẹni tó ń ra gàárì mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó sì mọ ìka tó ń bọ inú kóńgò nígbà tí wọ́n bá ń bu ú. Òfin Mósè sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké léraléra, ìwé Òwe sì bẹ̀rẹ̀ orí kọkànlá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ yẹn kò ṣòro ó lóye, kò nílò àlàyé ojú ewé kan. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan kà á sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ àdúrà pé kí oníbàárà máa wọ́ tọ̀ wá. Lọ́nà Ìdírókò ńkọ́? Onífàyàwọ́ tó di ìrẹsì sínú ọkọ̀ ti gbàdúrà kó tó gbéra pé kí ojú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fọ́ sí òun, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù náà sì ti ṣe ìfọkànsìn tirẹ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ní orí kẹta ìwé Lúùkù, àwọn agbowó orí àti àwọn ọmọ ogun lọ béèrè lọ́wọ́ Jòhánù ohun tí wọ́n óò ṣe. Ó ní kí àwọn agbowó orí má gbà ju iye tí wọ́n là sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun má sì fi ipá gba tẹni ẹlẹ́ni. Bí a bá fi yíyan sílẹ̀ fún àwọn tí à ń sọ yìí, kò sí èyí tí yóò yan ibẹ̀ nínú wọn. Ètò kíkà tó ń lọ lẹ́sẹẹsẹ nìkan ló lè gbé e kò wọ́n lójú.

Ibi tí mo rò pé ìwé ìfọkànsìn ti já wa kulẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ẹkún. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ààlà ilẹ̀ pa. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n tún ní kí epo bẹntiróò má dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìdírókò kò padà ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, èyí tó lé ní ọdún méjì ààbọ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò, àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó ń ṣẹ́ owó Sẹ́fà sí náírà, àwọn tí mọ̀lẹ́bí wọn wà lódìkejì, gbogbo wọn ló fara gbá a. Láàárín ìgbà náà, ojú ewé ojoojúmọ́ kò yé sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun àti ìlọsíwájú, torí ojú ewé kan ṣoṣo ni, ó sì gbọ́dọ̀ parí síbi tó dùn. Ẹni tí nǹkan kò lọ fún á wá máa rò pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Sáàmù kò ṣe báyìí sí ènìyàn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ ẹkún àti ẹ̀sùn síwájú Ọlọ́run. Ìkẹtàlá béèrè títí di ìgbà wo. Ìkejìdínláàádọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, inú òkùnkùn ló sì parí sí, kò sí ìyìn kankan ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó to Sáàmù yẹn mọ́ àwọn yòókù kò ṣì í tò. Ẹni tó bá ń ka márùn-ún lójúmọ́ títí oṣù yóò fi pé, yóò dé ibẹ̀ bó fẹ́ bó kọ̀, yóò sì rí i pé ẹnì kan ti bá Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú òun, tí wọn kò sì lé e jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé, ọ̀rọ̀ ìwé ni gbogbo èyí, àdúrà lagbára. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní agbègbè yìí. Láti ìgbà tí àwọn aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918, tí Kérúbù àti Séráfù ti jáde ní Èkó lọ́dún 1925, tí Oshoffa sì dá Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, àdúrà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Ìmẹ̀kọ tiwa yìí ni wọ́n sin Oshoffa sí lẹ́yìn tó papò dà lọ́dún 1985, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò aláṣọ funfun ń wọ́ lọ ní ìgbà Kérésìmesì. Àwọn ìjọ yìí ló kọ́ àwọn Yorùbá pé Sáàmù wúlò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lónìí. Josiah Ositelu, tó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè, tiẹ̀ ṣe ìwé lórí ìlò àti agbára Sáàmù. Mo gbà pé wọ́n rí nǹkan tí àwọn ìjọ tó ṣáájú wọn kò rí: Bíbélì gbọ́dọ̀ kan ara, ilé àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí àwọn olóye aládùúrà fúnra wọn máa ń kìlọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń lo Sáàmù karùndínlógójì sórí omi nígbà méje láìfetí sí ohun tó ń sọ, a ti sọ ọ́ di ọfọ̀, aládùúgbò tí a kò fẹ́ràn ni a ó sì máa fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tí ọ̀tá wà. Ẹni tó bá kà á dé àárín yóò rí i pé nígbà tí àwọn ọ̀tá náà ń ṣàìsàn, aṣọ ọ̀fọ̀ ni Dáfídì wọ̀ tó sì gbààwẹ̀ nítorí wọn. Ibẹ̀ kì í sí lára ohun tí à ń fi gba kókó àdúrà. Àdúrà tó tẹ̀ lé kíkà kò dín agbára kankan kù. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí a máa darí agbára náà síbi tó bá wù wá.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lè ṣì í túmọ̀, àti pé ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí àwọn àgbà ìjọ fi ń kọ àlàyé. Wọ́n ní ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹjọ náà jẹ́wọ́ pé kò lè yé òun bí kò bá sí ẹni tó tọ́ òun sọ́nà. Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ òdì tó ti inú kíkà ẹsẹ kan ṣoṣo láìwo ọ̀tún wo òsì wá kò kéré láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìtàn yẹn: sókè ni ọkùnrin náà ń ka Aísáyà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, débi tí Fílípì fi gbọ́ ọ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Kíkà ló ṣáájú, ìbéèrè tẹ̀ lé e, olùkọ́ ló dé kẹ́yìn. Ẹni tí kò tíì kà kò ní ìbéèrè tí yóò bi olùkọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ kan ṣoṣo tí a yọ sókè ojú ewé gan-an ló ń bí àṣìtúmọ̀. Ẹni tó ka odidi orí rí ohun tó ṣáájú àti ohun tó kẹ́yìn. Nínú ìjọ Àgùdà, ètò kíkà ọjọ́ Àìkú ń yí ká láàárín ọdún mẹ́ta, ti ọjọ́ yòókù láàárín ọdún méjì, àlùfáà kò sì lè pa ibi tó le tì nítorí pé kò wù ú. Ipò tí mo fẹ́ kí ìwé ìfọkànsìn wà nìyẹn: kó dúró bí alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó, kó pe ìyàwó jáde, kó ṣàlàyé ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀, kó sì rántí pé òun kọ́ ni wọ́n wá wò.

Ní ti àkókò, ìyẹn kò le. Orí kejì Rúùtù kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà lọ tí a bá kà á sókè ní ìrọ̀rùn. Bíbélì ní orí 1,189. Ẹni tó bá fẹ́ kà á tán lọ́dún kan ní láti ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ilé kan kà á tán lọ́dún kan. Orí kan lójúmọ́ ti tó. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ìbèṣè, tí kì í sí nílé ní òwúrọ̀, lè gbọ́ orí yẹn kan náà lórí fóònù lójú ọ̀nà, torí Bíbélì Yorùbá ti wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí a ń kà àti èyí tí a ń gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò pàdánù ohunkóhun nínú ètò yìí. Ìwé tí kálukú ń kà nínú yàrá rẹ̀ ló ń sé e mọ́ta. Àwọn òbí kan ní Yorùbá Crowther ti gbó jù fún àwọn ọmọ. Apá kan nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí Bíbélì Mímọ́ Yorùbá Òde Òní fi wà. Ẹ lè ka èyí fún ọmọ, kí ẹ sì fi ti Crowther sílẹ̀ fún Sáàmù. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá Bíbélì rí kò ní ṣàdédé gbọ́ ọ ní ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibòmíràn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má ju ìwé ìfọkànsìn yín nù. Owó lẹ fi rà á, iṣẹ́ ńlá sì ni àwọn tó kọ ọ́ ṣe. Ètò ni kí ẹ yí padà. Ẹ ka orí Bíbélì tán ní Yorùbá kí ẹ tó ṣí ìwé náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀, ìwé Rúùtù jẹ́ orí mẹ́rin, ẹsẹ 85 péré; ìwé Máàkù tó lè tẹ̀ lé e jẹ́ orí mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tó mọ̀wé kà ṣe kíkà, kí ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀, kí bàbá ilé sì gbàdúrà kẹ́yìn.